Fóònù Tuntun Tó Ń Kú, Tó Tún Ń Jí Fúnra Rẹ̀

Láti Trade Fair títí dé Okókomáíkò, lójú títì márosẹ̀ tó lọ sí Àgbádárìgì, ṣàṣà ni ibùdókọ̀ tí èèyàn ò ti ní rí fóònù rà. Ọjà Alaba International wà nínú Ọ̀jọ́ gan-an, ní Èkó, ibẹ̀ ni àwọn oníṣòwò láti Kútọnu, Lomé àti Akra ti ń wá kó ẹ̀rọ wọn. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọ inú Alaba lọ lè rà á lórí tábìlì abẹ́ agboòrùn ní Ìyànà-Ìbà, tàbí nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó yí ẹnu ọ̀nà LASU ká, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1983. Níbi gbogbo wọ̀nyí, ẹ̀sùn kan wà tí kì í tán létí àwọn tó ń ta fóònù àti àwọn tó ń tún un ṣe: fóònù tí kò tíì pé oṣù kan lọ́wọ́ ẹni tó rà á ti ń kú fúnra rẹ̀, ó sì tún ń tan padà.

Bátìrì ò tíì tán. Ẹnikẹ́ni ò tẹ bọ́tìnnì kankan. Ojú fóònù á kàn ṣú lójijì, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é á yọ, nígbà tó bá sì máa fi tó ìṣẹ́jú kan, ó ti padà sípò bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹni tó ń fi tirẹ̀ wo fíìmù lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ti ìyá oníPOS tó jókòó sí ibùdókọ̀ Afromedia kò rí bẹ́ẹ̀. Áàpù báǹkì orí fóònù ló fi ń wò ó bóyá owó ti wọlé kó tó ka náírà lé oníbàárà lọ́wọ́. Bí fóònù bá kú lẹ́nu ìyẹn, àríyànjiyàn ti dé. Awakọ̀ tó ń fi áàpù gbé èrò lójú ọ̀nà LASU sí Ìṣẹrì ò ní mọ ibi tó máa yà sí mọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń forúkọ sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Fóònù ti di irinṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ fún ọ̀pọ̀ ará àdúgbò yìí, nítorí náà ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ohun tí èèyàn ń fara balẹ̀ yẹ̀ wò.

Ohun tí púpọ̀ nínú wọn máa ń kọ́kọ́ ṣe ni kí wọ́n gbé e tọ ẹnjiníà fóònù tó bá sún mọ́ wọn jù lọ. Ẹnjiníà á fẹ́ ooru sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè rọ̀, á ṣí i, á yọ ẹnu okùn bátìrì, á tún un kì bọ̀ ọ́, á ní kí wọ́n máa gbé e lọ. Bí ó bá tún kú lọ́jọ́ kejì, tí ẹni tó ni ín wá gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù tó ti rà á, gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa bá níbẹ̀: “Ẹ ti jẹ́ kí wọ́n tú u.” Bí wàránńtì ṣe lọ nìyẹn. Àléébù tí ilé iṣẹ́ ì bá tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ ti di gbèsè sí ẹni tó rà á lọ́rùn. Fóònù tuntun tó bá ń kú, wíwò ló kọ́kọ́ gbà. Ọ̀rọ̀ títú ṣì wà lẹ́yìn pátápátá.

Kí wọ́n sì tó fura sí ohunkóhun, kí wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tí fóònù bá tún ara rẹ̀ tan ni nǹkan kan ṣe é. Samsung ní ètò kan nínú Settings tó ń jẹ́ kí fóònù pa ara rẹ̀ kó sì tan padà lóru, nígbà tí ẹni tó ni ín bá ń sùn. Àwọn fóònù mìíràn ní ibi tí wọ́n ti ń yan aago tí yóò máa kú àti aago tí yóò máa jí, ọmọdé tó ń fi fóònù ṣeré sì lè tan ètò náà láìmọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Google fi ohun tuntun kún Android: fóònù tí wọ́n bá tì, tí ẹnikẹ́ni ò sì ṣí fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, yóò tún ara rẹ̀ tan, kí olè má bàa rí inú rẹ̀ wọ̀ bọ̀rọ̀. Apple ti fi irú rẹ̀ sínú iOS 18 ṣáájú ìyẹn, ní 2024. Ẹni tó bá ní fóònù kejì tó gbé sínú dúrọ́ọ̀, tó wá rí i pé ó ti tún ara rẹ̀ tan, kò ní ẹjọ́ kankan láti bá ọlọ́jà rò.

Bí kì í bá ṣe ìyẹn, iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kíkọ sílẹ̀. Ìwé pélébé kan ti tó. Aago mélòó ló kú? Iye wo ni bátìrì wà? Ṣé ó wà lórí iná? Ṣé ó gbóná lọ́wọ́? Áàpù wo ló wà lójú rẹ̀? Ṣé inú yàrá ni àbí inú oòrùn? Bí wọ́n bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, àwọn ohun kan á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra: á jẹ́ pé ọ̀sán ló ń kú, tàbí pé ìgbà tí wọ́n bá ṣí kámẹ́rà ni, tàbí pé orí ṣájà nìkan ni.

Android tún ní ẹlẹ́rìí kan nínú ara rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Nínú Settings, lábẹ́ About phone, ní Status nínú ọ̀pọ̀ fóònù, wọ́n kọ Up time síbẹ̀. Iye wákàtí tí fóònù ti wà láyè láti ìgbà tó tan kẹ́yìn ni. Ẹni tó bá jí láàárọ̀ tó bá Up time ní wákàtí méjì péré mọ̀ pé fóònù òun kú lóru, bí kò tilẹ̀ ṣojú òun. Kí ó ya àwòrán rẹ̀ sílẹ̀. Bí fóònù bá sì kú lójú rẹ̀, kí ó yá fóònù ẹlòmíràn fi ya fídíò rẹ̀. Ọlọ́jà tí kò bá gba ọ̀rọ̀ ẹnu gbọ́ á gba fídíò gbọ́.

Bí fóònù ṣe ń jí náà ní ohun tó ń sọ. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí àmì ilé iṣẹ́ tó dúró gbagidi, tó sì tún béèrè PIN síìmù lọ́wọ́ ẹni tó fi PIN ti síìmù rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ló kú tán. Bí ó bá jẹ́ àwòrán tó ń mì nìkan ló yọ, tí ojú fóònù sì tètè padà, apá tó ń darí àwọn áàpù ló ṣubú, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò kú. Android ní olùṣọ́ kan nínú, watchdog ni àwọn tó kọ ọ́ ń pè é. Bí apá tó ṣe kókó nínú ètò bá dákẹ́, tí kò dáhùn fún nǹkan bí ọgọ́ta ìṣẹ́jú àáyá, olùṣọ́ yìí á wó gbogbo rẹ̀ lulẹ̀, á tún un bẹ̀rẹ̀. Irú èyí sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ áàpù tàbí ti ètò inú fóònù. Èyí tó kú pátápátá ló ń mú kí wọ́n wo ọ̀nà bátìrì, ooru tàbí bọ́ọ̀dù.

Bátìrì ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Kì í ṣe ìgbà tí iná bá tán nínú bátìrì nìkan ni fóònù ń kú. Ó tún ń kú bí agbára tí iná fi ń jáde bá wálẹ̀ lójijì. Ó dà bíi táńkì omi orí òrùlé tí páìpù rẹ̀ ti dí díẹ̀: bí wọ́n bá ṣí ẹ̀rọ omi kan, á dà dáadáa, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ṣí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tòkè á dákẹ́, bẹ́ẹ̀ omi kún táńkì. Kámẹ́rà, iná fíláàṣì, ìpè fídíò, síìmù tó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbi tí kò ti lágbára, bí gbogbo wọn bá béèrè iná lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ bátìrì tí ara rẹ̀ ò dá, fólítéèjì á já, fóònù á kú nígbà tí nọ́ńbà orí rẹ̀ ṣì ń sọ pé ó ku ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Fóònù tuntun lè ní irú bátìrì bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti pẹ́ jù nínú páálí ní ilé ìkẹ́rùsí, tàbí bí àléébù bá ti wà nínú rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé bá ilé iṣẹ́ ńlá rí. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, Apple gbà pé díẹ̀ nínú iPhone 6s tí wọ́n ṣe ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá 2015 ń kú láìròtẹ́lẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ bátìrì wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní oṣù kìíní 2017, wọ́n fi àtúnṣe kan ránṣẹ́ tó ń dín ìyára fóònù kù kí bátìrì tó ti gbó má bàa já, ṣùgbọ́n wọn ò la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ fún àwọn tó ni fóònù. Nígbà tí àṣírí tú ní oṣù kejìlá ọdún náà, Apple tọrọ àforíjì, wọ́n sì gé owó bátìrì tuntun wálẹ̀ sí dọ́là 29. Ní 2020, ilẹ̀ Faransé bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 25 yúrò lé wọn. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ra nǹkan ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tó ń ṣe é.

Ìdánwò bátìrì kò le. Kí wọ́n so fóònù mọ́ ṣájà tó dáa, kí wọ́n fi kámẹ́rà àti fídíò lò ó fún wákàtí kan tàbí méjì. Bí kò bá kú lórí iná, tó sì wá ń kú gbàrà tí wọ́n bá yọ ọ́, bátìrì ló sábà máa ń jẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé orí iná nìkan ló ti ń kú, kí wọ́n pààrọ̀ ṣájà àti okùn rẹ̀ ná. Ṣájà pọ́ọ́kú tí wọ́n ń gbé ká inú gósíló lè máa tú iná tí kò dúró sójú kan sínú fóònù. Àmì rẹ̀ hàn kedere: ojú fóònù á máa tẹ ara rẹ̀, lẹ́tà á máa jáde láìjẹ́ pé ọwọ́ kàn án, bí wọ́n bá sì ti yọ ọ́ kúrò lórí iná, á jáwọ́.

Ooru ló tẹ̀ lé e, ooru sì pọ̀ ní àdúgbò yìí. Apple kọ ọ́ pé ibi tí ooru àyíká bá wà láàárín 0 sí 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni kí wọ́n ti máa lo iPhone. Ọ̀sán oṣù kejì àti oṣù kẹta ní Èkó ń sún mọ́ 35 yẹn lábẹ́ ìbòòji. Lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ tí oòrùn ń pa láàárín ibùdókọ̀ Volkswagen sí Ìyànà-Ìbà, ó kọjá rẹ̀ fíìfíì. Fóònù awakọ̀ wà níbẹ̀: máàpù ń ṣiṣẹ́, iná ojú rẹ̀ ga dé òkè, dátà wà ní títan, ó wà lórí ṣájà, rọ́bà tó nípọn sì bò ó lẹ́yìn. Ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni kó dín iná ojú rẹ̀ kù, kó máa fà, kó kọ̀ láti gba iná. Bí ooru bá ṣì ń ga, á pa ara rẹ̀ láti gba ara rẹ̀ là. Ìyẹn kì í ṣe àléébù. Kí wọ́n bọ́ rọ́bà yẹn kúrò, kí wọ́n gbé fóònù síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kàn án, kí wọ́n sì dín fífi í sórí ṣájà kù lọ́sàn-án gangan. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e sínú fíríìjì: bó bá jáde nínú òtútù bọ́ sínú ooru, omi á sẹ̀ sí i nínú, ìṣòro ńlá ló sì ń bọ̀ wá yẹn.

Fóònù tó ń gbóná nígbà tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì lásán, tí ẹnikẹ́ni ò lò ó, ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá tún ń wú, tí ìdérí ń ṣí sókè, kí wọ́n pa á, kí wọ́n má gbé e sórí iná mọ́, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má gún un. Samsung Galaxy Note 7 ti fi ibi tí ọ̀rọ̀ bátìrì lè dé han gbogbo ayé. Oṣù kẹjọ 2016 ló dé ọjà. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án, Samsung ti ń kó o padà, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀, nítorí pé àwọn kan ń gbaná. Èyí tí wọ́n fi pààrọ̀ wọn náà tún ń gbaná, ni wọ́n bá dá ṣíṣe rẹ̀ dúró pátápátá ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá. Èsì ìwádìí tó jáde ní oṣù kìíní 2017 sọ pé ilé iṣẹ́ méjì ló ṣe bátìrì náà, àléébù ọ̀kan sì yàtọ̀ sí ti èkejì: igun bátìrì àkọ́kọ́ tẹ̀ nítorí pé àyè tó wà nínú àpò rẹ̀ kò tó, ti èkejì, ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ nínú rẹ̀ ló ní ṣóńṣó. Fóònù tuntun ni gbogbo wọn, láti inú páálí tí wọn ò já rí.

Ìgbà mìíràn, ara fóònù le koko, ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ló ń dà á láàmú. Ní ìparí oṣù karùn-ún 2020, fọ́tò adágún omi kan ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í pa fóònù. Ẹni tó bá fi ṣe àwòrán ojú fóònù Samsung tàbí Google Pixel tó ń lo Android 10, fóònù rẹ̀ á kú, á jí, á tún kú, láìráyè yọ fọ́tò náà kúrò. Kò sí kòkòrò kankan nínú fọ́tò yẹn. Irú àwọ̀ tí wọ́n fi tọ́jú rẹ̀ ló mú kí ìṣirò Android já sí nọ́ńbà tó lé ní 255, ètò náà ò sì ní àyè fún nọ́ńbà tó ju ìyẹn lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 2021, àtúnṣe tí Google fi ránṣẹ́ sí Android System WebView, apá tí àwọn áàpù fi ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ̀rẹ̀ sí í ti Gmail àti àwọn áàpù mìíràn pa káàkiri ayé. Àtúnṣe mìíràn láti Play Store ló yanjú rẹ̀. Ẹni tó bá sáré lọ ra bátìrì tuntun lọ́jọ́ náà fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá áàpù ni wà nínú Android fúnra rẹ̀, Safe mode lorúkọ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fóònù, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì ìpafóònù mọ́lẹ̀ títí Power off á fi yọ, wọ́n á wá fi ìka tẹ Power off yẹn pẹ́ títí fóònù á fi béèrè bóyá wọ́n fẹ́ Safe mode. Bí ó bá tan báyìí, gbogbo áàpù tí ẹni tó ni ín fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wọlé á sùn, èyí tó bá fóònù wá nìkan ló máa ṣiṣẹ́. Bí fóònù tó ń kú lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ bá wà bẹ́ẹ̀ fún odindi ọjọ́ kan láìkú, ọ̀kan nínú àwọn àlejò yẹn ni. Kí wọ́n yọ èyí tó dé kẹ́yìn ná, kí wọ́n sì yọ gbogbo èyí tí kò ti Play Store wá: GB WhatsApp tí ọ̀rẹ́ fi Xender ránṣẹ́, géèmù tí wọ́n gbà ní kíláàsì, áàpù tó ṣèlérí dátà ọ̀fẹ́.

Kòkòrò kan wà tí ìyọkúrò ò ràn. xHelper, tó tàn kálẹ̀ ní 2019, máa ń padà wá kódà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti nu fóònù mọ́ pátápátá. Ní oṣù kẹjọ 2020, ilé iṣẹ́ Upstream kéde pé àwọn rí i, òun àti òmíràn tó ń jẹ́ Triada, nínú fóònù Tecno W2 tí wọ́n tà ní Etiópíà, Kamẹrúùnù, Íjíbítì, Gánà àti Gúúsù Áfíríkà. Transsion tó ni Tecno dáhùn pé ẹnìkan lára àwọn tó ń bá àwọn pèsè nǹkan sínú fóònù ló ṣe é, pé àwọn sì ti yanjú rẹ̀. Fóònù tó bá ń jẹ dátà nígbà tí ẹnikẹ́ni ò lò ó, tó ń gbé ìpolówó jáde láìbéèrè, tó sì tún ń kú, kí wọ́n ronú lórí ọ̀nà yìí.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ń pè ní kíkú tí kì í ṣe kíkú. Bí WhatsApp bá ṣàdédé tì nígbà tí èèyàn ń kọ̀wé lọ́wọ́, fóònù ò kú. RAM ló há, Android sì lé ẹnìkan jáde kí ẹlòmíràn lè rí ibi jókòó. Ẹ̀tàn kékeré kan wà lójú ọjà lórí èyí. Páálí àwọn fóònù kan á gbé 8GB síta gàdàgbà, lẹ́tà wínníwínní abẹ́ rẹ̀ ló máa sọ pé 4GB ni RAM gidi, pé 4GB yòókù jẹ́ àyè tí wọ́n yá láti ibi tí fọ́tò àti fídíò ń gbé. Àyè àyálò yẹn kò lè sáré bíi RAM gidi láéláé. Ó yẹ kí àwọn tó ń ta fóònù máa la èyí mọ́lẹ̀ fún oníbàárà kó tó sanwó, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ti délé.

Kí wọ́n tún yọ mẹ́mórì káàdì, kí wọ́n lo fóònù lọ́jọ́ kan láìsí i. Káàdì ayédèrú máa ń da fóònù rú ju bí èèyàn ṣe rò lọ.

Bí gbogbo èyí ò bá ràn án, ó ku nínu fóònù mọ́ bí ọjọ́ tó ti ilé iṣẹ́ jáde. Kí wọ́n kó fọ́tò àti nọ́ńbà wọn pamọ́ ná. Kí wọ́n sì rí i dájú pé wọ́n mọ orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà Google tó wà lórí fóònù náà, nítorí láti ìgbà Android 5.1 ni fóònù tí wọ́n bá gba ẹ̀yìn nù ti máa ń béèrè wọn kó tó ṣí. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fò dá: kí wọ́n má dá áàpù kankan padà. Kí fóònù wà ní ìhòhò bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kí wọ́n máa fi pe èèyàn, kí wọ́n máa fi ya fọ́tò. Bí ó bá tún kú nínú ipò yìí, a ò tún lè di ẹ̀bi ru áàpù mọ́. Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tí oníbàárà lè gbé síwájú ọlọ́jà nìyí.

Àléébù inú bọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun tójú lè rí. Àìmọye ojú ibi tí wọ́n jó mọ́ra ló so ẹ̀yà inú fóònù pọ̀, bí ọ̀kan nínú wọn ò bá lẹ̀ dáadáa, ooru á mú un ṣí, òtútù á mú un pa dé, fóònù á máa kú nígbà tó bá wù ú. Ohun tó ṣe LG G4 nìyẹn, fóònù tó dé ọjà ní 2015. Ní oṣù kìíní 2016, LG gbà pé àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ kan ò fara kan ara wọn dáadáa, ìyẹn ló sì ń mú kó máa tan ara rẹ̀ láìdúró. Google Nexus 6P tí Huawei ṣe náà bọ́ sínú irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ní 2019, Google àti Huawei gbà láti san mílíọ̀nù 9.75 dọ́là kí ẹjọ́ tí àwọn oníbàárà pè ní Amẹ́ríkà lè parí. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ti mọ̀ tipẹ́ pé ohun tí wọ́n bá ṣe láìdára máa ń tètè fi ara hàn, láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́. Nítorí náà, kí ẹni tó bá ra fóònù má tọ́jú rẹ̀ sínú páálí de ọjọ́ ìbí tàbí ọdún. Kí ó lò ó dáadáa nígbà tí ọjọ́ pípààrọ̀ ṣì wà.

Ibi kan wà tí gbogbo ìmọ̀ràn yìí ti ń mẹ́hẹ, ìyẹn bí fóònù “tuntun” bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí wọ́n tún dì. Èbúté Apapa àti Tin Can kò jìnnà sí Ọ̀jọ́. Ìwádìí tí Olusegun Odeyingbo, Innocent Nnorom àti Otmar Deubzer ṣe ní àwọn èbúté Èkó ní 2015 sí 2016 fi hàn pé nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ iná mànàmáná àlòkù ló ń wọlé lọ́dún, apá kan nínú rẹ̀ kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Kì í ṣe fóònù nìkan ni wọ́n kà, ṣùgbọ́n ó tó láti jẹ́ kí èèyàn la ojú rẹ̀. Kí wọ́n tẹ *#06# níwájú ọlọ́jà, kí wọ́n fi nọ́ńbà IMEI oníhóró 15 tó bá yọ wé èyí tó wà lára páálí. Lórí iPhone, kí wọ́n wo Model number nínú About: bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá jẹ́ M, wọ́n tà á ní tuntun, bí ó bá jẹ́ F, Apple ti tún un ṣe kó tó tà á, bí ó bá jẹ́ N, wọ́n fi pààrọ̀ fún ẹlòmíràn rí ni. Tecno, Infinix àti itel, ilé iṣẹ́ kan náà ló ni wọ́n, Carlcare ló sì ń tún wọn ṣe. Ibẹ̀ ni oníbàárà ti lè fi IMEI wo iye ọjọ́ tó kù nínú wàránńtì. Fóònù tí wọ́n pè ní tuntun tí wàránńtì rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tó kọjá ti sọ ìtàn ara rẹ̀.

Rìsíìtì tí kò ní IMEI nínú kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Kí wọ́n ní kí ọlọ́jà kọ ọ́ sí i, kí ó sì kọ iye ọjọ́ tó fún wọn láti pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò Alaba ò fẹ́ bá oníbàárà jà, wọ́n mọ̀ pé ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn á mú ẹlòmíràn wá. Ẹni tó bá gbé fídíò, àwòrán Up time, rìsíìtì àti fóònù tí ẹnikẹ́ni ò tíì tú wá, tó sì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé “Ọ̀gá, mo ti nù ún mọ́, ó ṣì ń kú, ẹ wò ó,” ti gba iṣẹ́ àríyànjiyàn ṣe tán. Bí ọlọ́jà bá ṣì kọ̀, òfin wà. Federal Competition and Consumer Protection Act ti 2018 fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti gba ọjà tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ rà á, àti láti dá èyí tó ní àléébù padà. Àkọlé tó ní owó kì í padà lẹ́yìn ìsanwó ò pa ẹ̀tọ́ yẹn rẹ́. Àjọ FCCPC ló ń mú òfin náà ṣẹ, Ìpínlẹ̀ Èkó sì ní àjọ tirẹ̀, LASCOPA, tó ń gbọ́ ẹjọ́ láàárín oníbàárà àti ọlọ́jà.

Fún ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ra tòkunbọ̀, tí kò ní wàránńtì, ìgbà yìí ni ọ̀rọ̀ ẹnjiníà tó kàn. Ẹnjiníà gidi kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ooru. Á kọ́kọ́ so fóònù mọ́ ẹ̀rọ tó ń ka iye iná tó ń fà, á wo bóyá ó ń fà á nígbà tí kò yẹ. Lórí iPhone, á lọ sínú Settings, sí Privacy & Security, sí Analytics, níbi tí fóònù ti ń kọ ìdí tó fi kú sílẹ̀ sínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú panic-full. iPhone tó bá ń kú ní bí ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, tí wọ́n rí thermalmonitord nínú fáìlì yẹn, ẹ̀yà tó ń wọn ooru kan ni fóònù ń wá tí kò rí. Ẹ̀yà yẹn sábà máa ń wà lára fílẹ́ẹ̀sì, okùn pẹlẹbẹ inú fóònù, ti ojú ìṣájà tàbí ti bọ́tìnnì ìpafóònù, èyí tí ẹnìkan ti fi ayédèrú pààrọ̀ rí. Fílẹ́ẹ̀sì tó dáa ló máa wò ó sàn, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú bọ́ọ̀dù, ẹni tó bá sì ti fẹ́ ooru sí bọ́ọ̀dù ti ń ba nǹkan mìíràn jẹ́. Kí wọ́n béèrè fáìlì yẹn kí wọ́n tó gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan fóònù. Kí wọ́n gbọ́ iye owó ṣáájú, kí wọ́n dúró tì í nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i, kí wọ́n sì gba èyí tí wọ́n bá yọ jáde dání lọ.